Kéèkì Tó Ń Rùn bí Ọṣẹ

Nígbà tí kéèkì náà padà wálé lẹ́ẹ̀kejì, àǹtí mi kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba àárín pálọ̀ kọjá pẹ̀lú páálí kéèkì lọ́wọ́, ó wọ ilé ìdáná, ó sì gbé e ka orí àwọn pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọkọ rẹ̀ tò sórí tábìlì. Àwọn pépà wọ̀nyẹn ni ọkọ rẹ̀ máa ń ti ẹnu wọn bọ inú òróró olóòórùn, tí á sì máa jù wọ́n síwá sẹ́yìn níwájú imú bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Páálí tẹ gbogbo wọn pa.

"Háà! Ìyàwó mi, pépà mi!"

"Ẹ fi pépà sílẹ̀. Ẹ ṣí páálí yẹn. Ẹ gé nínú rẹ̀, kí ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu fún mi."

Bùrọ̀dá, bí mo ṣe máa ń pe ọkọ rẹ̀, gé e. Ó dijú, ó ń rọra jẹ ẹ́ bí adájọ́ tó fẹ́ dá ẹjọ́. "Kéèkì ni. Ó sì dùn. Ṣé kó má dùn ni?"

"Màdáámù ní ọṣẹ ni. Ó ní ṣe ló dà bí ìgbà tí òun bu ọṣẹ ìwẹ̀ jẹ. Ó pe akọ̀wé rẹ̀, akọ̀wé náà ní ọṣẹ ni. Wọ́n pe awakọ̀ wọn. Ìyẹn ò tiẹ̀ jẹ ẹ́, ó kàn sún mọ́ ọn, ó ní, 'Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ níbí?' Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo dúró síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ojú kì í tì!"

Màdáámù yìí ni ọ̀gá ilé oúnjẹ ní ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà ní ìparí àdúgbò wa. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀ bí eṣú, gbogbo wọn ló sì máa ń jẹ kéèkì mu tíì kí wọ́n tó padà sídìí iṣẹ́. Láti ìgbà tí àǹtí mi ti kọ́ṣẹ́ kéèkì, irú iṣẹ́ yìí ló ń wá: ẹni tí yóò máa gbà á lójoojúmọ́, tí kò ní jẹ́ kó máa dúró de ọjọ́ ìbí ọmọ ọlọ́mọ kó tó dáná. Màdáámù ní kó kọ́kọ́ gbé kéèkì wá kí àwọn tọ́ ọ wò. Àkọ́kọ́ padà. Èkejì rèé.

"Ó ku ẹyọ kan," ni àǹtí mi wí. "Ọjọ́bọ̀ ni mo máa gbé e lọ. Ó ní bí ìyẹn bá tún rùn, kí n má wulẹ̀ yọjú mọ́, pé ẹlòmíì ti wà nílẹ̀ tó ń dúró."

Bùrọ̀dá gbé imú sókè, ó fà á lápá ọ̀tún, ó fà á lápá òsì. "Òórùn wo gan-an? Èmi ò gbọ́ òórùn kankan nílé yìí o. Àna mi, ìwọ ńkọ́?"

Èmi ni àna rẹ̀, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí mo ti kúrò ní yunifásítì tí mò ń wáṣẹ́. Inú ń bí mi, ó wù mí kí n sọ pé mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àǹtí mi náà ò gbọ́ nǹkan kan. Ibi tí ọ̀ràn ilé wa le dé nìyẹn. Ẹni tó bá ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, bó pẹ́ bó yá, ariwo ẹ̀rọ náà kò ní jí i mọ́. Imú wa ti sùn, gbogbo wa pátá.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń wọnlẹ̀ ni Bùrọ̀dá ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń fi okùn àti ẹ̀rọ fi ààlà hàn fún àwọn tó ń jà lórí ilẹ̀. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, tó ti bọ́ bàtà, ó di ìdí ìgò. Fídíò kan ló wò lórí fóònù tí wọ́n ti ń ṣe lọ́fínńdà nínú ilé, ni nǹkan náà bá wọ̀ ọ́ lára. Ó ra òróró èèpo ọsàn, ó ra ti kànáfùrù, ó ra ti igi, ó ra ti ewé, gbogbo rẹ̀ nínú ìgò kéékèèké dúdú tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Bí o bá bi í léèrè, á jókòó, á sì là á yé ọ: èèyàn mẹ́ta ló ń gbé inú lọ́fínńdà. Ẹni àkọ́kọ́ ni oníwàdùwàdù, òun ló máa ń sáré jáde pàdé ẹ, kì í sì í pẹ́ lọ, ọsàn nìyẹn. Èkejì ni onísùúrù, òdòdó nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni àgbà tí kì í tètè dìde. Igi nìyẹn, òun ló máa kù sára aṣọ nígbà tí àwọn yòókù bá ti relé. Á kán wọn sínú spírítì lọ́kọ̀ọ̀kan, á mì í, á gbé e sínú òkùnkùn kó lè gbó. Bó bá ṣí i kó tó gbó, òórùn spírítì nìkan ni yóò gbá a nímú.

Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ èmi náà níbẹ̀rẹ̀. Bí àlọ́ ló rí. Kànáfùrù mélòó ni yóò kán kí ọsàn tó kú? Kí ló dé tí òróró méjì tó dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fi máa ń di òórùn ilé oògùn bí wọ́n bá pàdé? Ṣùgbọ́n ilé ìdáná ló gbé àlọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní ibẹ̀ ló tutù, ibẹ̀ ni omi wà, tábìlì ibẹ̀ ló dúró dáadáa. Láti orí tábìlì, ó gun kọ́bọ́ọ̀dù. Láti kọ́bọ́ọ̀dù, ó wọ fìríìjì, nítorí òróró ọsàn kì í fẹ́ ooru. Ìgò tó bá fọ̀, inú ààrò kéèkì ló ń gbẹ ẹ́ sí. Ọkùnrin tó ń wọn ààlà fún gbogbo ayé kò mọ ibi tí ààlà wà nínú ilé ara rẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀ ni ẹ máa kó kúrò níbí," ni àǹtí mi wí. "Lónìí."

Ó kùn, ó ráhùn, ó ní lọ́fínńdà tó ń gbó kì í fẹ́ kí wọ́n gbé òun kiri bí aláìsàn, ṣùgbọ́n ó kó wọn lọ sí yàrá. A ṣí ilẹ̀kùn, a ṣí fèrèsé. Èmi àti àǹtí mi fi omi gbígbóná àti ọtí kíkan fọ tábìlì, a fọ ààrò, a fọ páànù, a fọ ìjókòó, mo tiẹ̀ fọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó po kéèkì kékeré kan, ó yan án, a sì gbé e lọ bá aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀, nítorí pé imú tiẹ̀ ò tíì sùn.

Aránṣọ fi kéèkì sẹ́nu. Ó wo ojú àǹtí mi, ó wo tèmi, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

"Ẹ má bínú o. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe bí ìrọ̀rí ìyàwó tuntun."

Bùrọ̀dá ti ń dúró dè wá lórí àtẹ̀gùn. Bó ṣe rí ojú wa, ó ti mọ̀. Ǹjẹ́ ó káàánú? Rárá o. Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ rí i báyìí? Ẹ rí i? Mo kó ìgò mi kúrò, kéèkì ṣì ń rùn. Èyí tó túmọ̀ sí pé ìgò mi kọ́. Fùláwà yín ni kí ẹ lọ wò, ṣúgà yín ni kí ẹ lọ wò, bóyá àwọn tó tà á fún yín ló ń ta ọṣẹ mọ́ ọn. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ẹ sì ti ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ìgò tó ti ń gbó láti oṣù tó kọjá, ẹ ní kí n máa gbé e kiri. Ó yẹ kí ẹnìkan tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nílé yìí."

Mo rí i pé àǹtí mi rò ó, pé kò rí ibi tó máa gbà já a. Ọ̀rọ̀ náà ṣe rẹ́gí létí: kò sí ìgò, òórùn wà. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, lórí síméńtì àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní ìgúnpá.

"Ẹ má bínú, olówó orí mi."

"Ó ti tán. Dìde."

Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ìgò ti padà sórí tábìlì.

Ká sọ pé mo lè lu ọkọ àǹtí mi, ọjọ́ yẹn ni ǹ bá lù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ oúnjẹ lábẹ́ òrùlé èèyàn kì í lu onílé. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni pé, bí nǹkan bá ta kókó, mi ò lè jókòó tì í láì tú u. Mo wọ ilé ìdáná, mo gbé ife tíì sílẹ̀, mo bu omi gbígbóná sínú wọn. Fùláwà bọ́ sínú ọ̀kan, ṣúgà bọ́ sínú ọ̀kan, mílíìkì bọ́ sínú ọ̀kan, mo fọ́ ẹyin sínú ọ̀kan, mo gé bọ́tà sínú èyí tó kù. Mo fi àwo bo gbogbo wọn, mo tò wọ́n sórí àtẹ, mo gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ bá aránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àǹtí mi tẹ̀ lé mi. Bùrọ̀dá náà tẹ̀ lé wa, kó lè rí i bí ojú ṣe máa tì mí.

"Ẹ dijú," ni mo sọ fún aránṣọ. "Ẹ kàn gbóòórùn wọn, ẹ má tọ́ ọ wò."

"Ṣé ẹ ò ní fi mí ṣoògùn báyìí?" Ṣùgbọ́n ó dijú. Mo ṣí ti fùláwà. "Kò sí nǹkan kan." Mo ṣí ti ṣúgà. "Kò sí." Mílíìkì: "Mílíìkì ni." Ẹyin: "Pẹ̀ẹ́! Gbé e lọ." Mo wá ṣí ti bọ́tà. Ó ti yọ́, ó léfòó lórí omi bí owó wúrà. Mi ò tíì gbé e dé iwájú rẹ̀ tán tó fi la ojú.

"Èyí ni! Ìrọ̀rí ìyàwó tuntun nìyí! Ẹ gbà mí o, ṣé ẹ fi bọ́tà yìí wẹ̀ ni?"

Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Páálí bọ́tà ńlá ni àǹtí mi máa ń rà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń tò ó sí ìsàlẹ̀ fìríìjì. Lókè rẹ̀ gẹ́lẹ́, látìgbà tí a ti rà á, ni Bùrọ̀dá ń gbé òróró ọsàn rẹ̀ sí, pẹ̀lú àwo òdòdó funfun tí kò ní ìdérí, kí wọ́n má baà rọ. A ti kó ìgò kúrò, a ti kó òdòdó kúrò, a fi bọ́tà sílẹ̀. Bọ́tà ti mu gbogbo rẹ̀ síkùn.

Mo yíjú sí Bùrọ̀dá, mò ń retí pé kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Àfi bí ó ṣe pàtẹ́wọ́!

"Ọ̀rá!" ló ń pariwo. "Ọ̀rá ló ń mu òórùn! Ẹ ò rántí? Mo kà á fún yín níjọ́sí tí a ń jẹun. Láyé àtijọ́, ọ̀rá ni wọ́n máa ń tẹ́ sórí gíláàsì, wọ́n á to òdòdó lé e, ọ̀rá á máa mu òórùn rẹ̀ títí yóò fi yó. Spírítì ni wọ́n wá fi ń fọ̀ ọ́ jáde. Ohun tí mo ti ń ronú bí mo ṣe máa ṣe é, ó ti ṣe ara rẹ̀ nínú fìríìjì mi! Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ má da bọ́tà yẹn nù o!"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ tó wà lẹ́yìn wa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ mọ̀ ọ́n," ni àǹtí mi wí.

"Kí ni mo mọ̀?"

"Pé ọ̀rá ń mu òórùn."

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Gbogbo ẹni tó ń ṣe lọ́fínńdà ló mọ̀ ọ́n."

"Ẹ wá gbé òdòdó sórí bọ́tà mi."

Mo rí i pé Bùrọ̀dá kò wá irọ́. Òótọ́ gan-an ló ń wá. "Bọ́tà kéèkì ni," ló wí. "Kò... kò wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀rá ni."

Ká ní ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, bóyá inú ì bá má bí mi tó bẹ́ẹ̀. Ìkà èèyàn ṣì ń wo ohun tó ń bàjẹ́. Ọkùnrin yìí, lójoojúmọ́ ló ń ṣí fìríìjì yẹn, lójoojúmọ́ ló ń rí bọ́tà, kò sì rí i rí. Bó bá jẹ́ tiẹ̀ ni, ọ̀rá ni. Ohun ìjìnlẹ̀ ni, ó tó kà sókè nídìí oúnjẹ. Bó bá jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, bọ́tà kéèkì lásán ni.

"Ilé ta ló jó?" ni àǹtí mi bi í. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ẹ ní ilé ọba ló jó. Ilé ta ni? Láàárọ̀ yìí mo kúnlẹ̀ fún yín. Orúnkún mi ṣì ń ta mí. Mo bẹ̀ yín lórí ọ̀ràn tí ẹ̀yin dá, ẹ sì ní ó ti tán, kí n dìde. Ta ló ń dárí ji ta?"

"Ìyàwó mi, èèyàn wà níbí..."

"Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀. Níwájú èèyàn náà ni wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín."

Aránṣọ ti dìde. "Ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀, Ọjọ́bọ̀ kì í dúró," ló wí. "Èmi náà ní ààrò o. Ẹ wá bá mi kó àwọn pépà tí mo fi ń gé aṣọ kúrò nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, kọ́bọ́ọ̀dù ni mo fi ń ṣe."

Bí a ṣe kó pépà àwòrán apá aṣọ àti ọrùn aṣọ jáde nínú ààrò nìyẹn. Mo sáré lọ ra bọ́tà tuntun, mo sì gbé e wá tààrà láti ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀dọ̀ aránṣọ. Mi ò jẹ́ kó fojú kan ilé wa. Àǹtí mi pò ó bí ẹni tó ń jà. Bó ṣe ń fi ṣíbí igi na ìsàlẹ̀ abọ́, mo mọ ẹni tó ń nà.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo gbé páálí tẹ̀ lé e. Màdáámù jókòó lẹ́yìn tábìlì, awò ojú rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú. Awakọ̀ ọjọ́sí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí ohun tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Màdáámù gé kéèkì, ó gbé e súnmọ́ imú, ó pẹ́ níbẹ̀. Màdáámù fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó tún gé òmíràn.

"Awakọ̀, wá jẹ."

Awakọ̀ jẹ ẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Kéèkì ni o," ló wí, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

"Èyí ni mo ti ń wá," ni Màdáámù wí. "Kí ló wá dé sí àwọn ti tẹ́lẹ̀?"

Mo wo àǹtí mi. Ó wolẹ̀. "Fìríìjì mi ló ní àléébù, mà."

Kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé ara rẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, irọ́ ló tún pa láti bo ọkọ rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

"Ó dáa. Mo gba kéèkì," ni Màdáámù wí. "Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀pọ̀ èèyàn ni. Ọjọ́ Ajé mo máa wá wo ilé ìdáná rẹ. Tó bá mọ́, tí kò rùn, kó o bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Tó bá sì rùn, kò sí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nípa fìríìjì mọ́."

A dúpẹ́, a dúpẹ́. Bí a ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà, àǹtí mi kò yọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ń yá sí i ni.

Bùrọ̀dá wà nídìí tábìlì ilé ìdáná. Ó ti yọ́ bọ́tà páálí náà, ó ti pò ó mọ́ spírítì, ó ti sẹ́ ẹ, ó sì ti rọ díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan. Ààrò ṣí sílẹ̀, ìgò kún inú rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn bí ti ọmọdé.

"Ẹ káàbọ̀! Wọ́n gbà á, àbí? Mo ti mọ̀ pé wọ́n á gbà á. Bọ́tà nìkan ni ẹ ó máa bò dáadáa, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyàwó mi, wá gbóòórùn èyí. Tìrẹ ni. Láti inú bọ́tà rẹ ni."

Ó kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́ àǹtí mi. Afẹ́fẹ́ ojú pópó ló ti tún imú wa ṣe díẹ̀, nítorí náà a gbọ́ ọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn: ó dára. Nínú gbogbo ohun tó ti ṣe rí, òun ló dára jù. Ọsàn ibẹ̀ kò kánjú, òdòdó rẹ̀ rọra jókòó, mílíìkì díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ọrùn ọmọ ọwọ́. Ojú àǹtí mi yí padà. Ó gbọ́ ọ. Inú sì tún bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rí i bí ìbínú ṣe gùn ún láti ọrùn dé iwájú orí.

Ó ki ọwọ́ bọ omi nínú síńkì, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

"Ó dára," ló wí. "Ẹ kó wọn jáde."

"Àwọn wo?"

"Gbogbo wọn. Ọjọ́ Ajé ni Màdáámù ń bọ̀ wá wo ilé ìdáná. Yálà òórùn yín wà níbí tàbí èmi wà níbí."

"Ṣé o fẹ́ lé mi kúrò nínú ilé mi ni?"

"Ẹ ní ilé. Pálọ̀ wà, yàrá wà, ẹ̀yìnkùlé wà. Ẹ gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì bó bá wù yín, mo máa sùn sílẹ̀. Ibi tí mo dúró sí yìí ni mi ò ní í fi sílẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń wọnlẹ̀? Ẹ wò ó." Ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà lórí ilẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, láti férémù dé férémù. "Ààlà nìyẹn."

Bùrọ̀dá wò mí, bóyá mo máa bá a bẹ̀ ẹ́. Mo gbé àtẹ, mo nà án sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìgò sórí rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, wọ́n ń kọlu ara wọn. Ó lọ, ó bọ̀. Ó kó ti inú ààrò, ó kó ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti wọ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àǹtí mi dojú kọ síńkì, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Nígbà tó ṣe, Bùrọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ní òdìkejì ìlà náà.

"Má bínú."

Mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ rí. Àǹtí mi kò yíjú padà.

"Ó ku ìgò kan lójú fèrèsé," ni àǹtí mi wí.